Èmi Ni Mo Rán Pèrègún Mọ́ Inú Báàgì Àna Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé, kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe obìnrin tí wọ́n ti ń dá lẹ́bi láti ọdún méjìlá sẹ́yìn. Èmi ni. Mo fi ọwọ́ mi ṣe é, mo fi abẹ́rẹ́ mi rán an pa, mo sì jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan... Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ orúkọ mi jáde. Tí ẹnikẹ́ni láti Arámọkọ tàbí Ẹ̀fọ̀n bá wá bi yín, ẹ ní ọkùnrin Ìlá kan ló kọ ọ́, àwọn ará Ìlá ò ní bínú. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá, mo sì ń wá a kíákíá, torí pé Kérésìmesì ti sún mọ́lé.

Kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, Standard Three ni mo kà dé kí bàbá mi tó ní oko ń pè mí, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa rán ẹnu àpò kòkó ní sítọ́ọ̀ àwọn tó ń ra kòkó. Ẹ mọ abẹ́rẹ́ àpò, èyí tó gùn ju ìka lọ, tó tẹ̀ lẹ́nu bí àgógó ẹyẹ. Àpò tí mo bá rán, erin ò lè tú u. Erin kan gbìyànjú ẹ̀ rí lọ́nà Ẹ̀fọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Oko bàbá mi àti oko bàbá Díákónì ló pààlà lọ́nà Èrìjìyàn. Díákónì ni màá máa pè é, oyè tí wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, ó sì fẹ́ kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀ kódà tó bá wà ní balùwẹ̀. Pèrègún ni bàbá mi gbìn sí ààlà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lóko mọ̀ pé pèrègún kì í kú, bí o fà á tu tí o lọ gbìn ín síbòmíràn, ńṣe ló máa rúwé bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ohun tí Díákónì lò fún mi nìyẹn. Ọdún tí mo lọ ń bá wọn rán àpò ní Àkúrẹ́, odindi sáà kòkó kan, ó hú pèrègún bàbá mi, ó gbé e síwájú, ìlà kòkó mẹ́fà tó jẹ́ tèmi sì bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo dé, mo pe àwọn àgbà. Wọ́n wá, wọ́n wo pèrègún, wọ́n rí i tó ń tutù yọ̀yọ̀, wọ́n ní ibi tí pèrègún bá dúró sí ni ààlà dúró sí, pèrègún kì í purọ́. Díákónì gbé Bíbélì sókè, ó ní gbogbo ohun tó wà ní ìhà ibí yìí, tòun ni. Ẹ bá mi rántí gbólóhùn yẹn. Gbogbo ohun tó wà ní ìhà ibí yìí, tòun ni. Ó tún wá rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ kàwé sí i kí n lè mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ààlà.

Ṣé ẹ rò pé mi ò fẹ́ lọ sí kóòtù ni? Mo fẹ́ lọ. Mo ti ń wá lọ́yà kiri Ìjerò nígbà tí Bùnmi ọmọ mi wá kúnlẹ̀ níwájú mi pé òun ti rí ọkọ. Ta ni ọkọ? Fọlá, ọmọ Díákónì... Nínú gbogbo ọkùnrin tó wà ní Ondo State yìí, láti Òkìtìpupa títí dé Ìkọ̀lé, ọmọ ẹni tó jẹ kòkó mi ló rí fẹ́. Wọ́n ṣègbéyàwó, wọ́n kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn àgbà sì ní kí n gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tì, pé àna kì í pe àna lẹ́jọ́. Mo gbé e mì. Ṣùgbọ́n ohun téèyàn gbé mì tí kò dà nínú, ṣé kò ní padà wá sọ́nà ọ̀fun ni?

Bùnmi wá lóyún. Fọlá fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí àwa bàbá méjèèjì pé tó bá ti bí, ká tètè máa bọ̀ wá sọ ọmọ lórúkọ. Bùnmi náà kọ lẹ́tà tirẹ̀ sí mi, ó to àwọn ohun tí a kò gbọ́dọ̀ gbé wọ ìlú òyìnbó, ó ní ní pàtàkì, Bàbá, ẹ má mú igi tó ní gbòǹgbò wá o, ẹ má sì bu iyẹ̀pẹ̀ kankan wá, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù á dá yín dúró. Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún un kà. Mo lọ mumi, mo padà wá kà á.

Tẹligíráàmù dé pé ó ti bí obìnrin. Nílẹ̀ wa, bàbá ọkọ ló ń kọ́kọ́ sọ ọmọ lórúkọ, Díákónì sì ti ń pe orúkọ mẹ́rin kiri àdúgbò bí ẹni ń polówó ọjà. Lọ́sàn-án tó ṣáájú ọjọ́ tí a fẹ́ gbéra, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Fọlá, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, ń di ẹrù ọkọ rẹ̀. Ó kó gààrì, ẹ̀gúsí, ẹja gbígbẹ, agbádá méjì, ó gbé Bíbélì lé e lórí. Bó ṣe fa síìpù báàgì báyìí, síìpù já. Ó sáré wá sílé mi, ó ní, "Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi abẹ́rẹ́ yín bá mi mú un."

Mo ní kó máa lọ, kí n mú òwú. Irọ́ ni. Kẹ̀kẹ́ mi ni mo gùn lọ sí oko. Mo dé ìdí pèrègún tí Díákónì gbìn sórí ilẹ̀ mi, mo hú kékeré kan tòun ti gbòǹgbò, mo bu iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú áńkáṣíìfù funfun, mo fi òwú àpò dì í pinpin. Mo fi í sábẹ́ aṣọ, mo lọ bá Ìyá Fọlá. Inú rẹ̀ dùn, ó ní mi ò ní lọ láìjẹun, ó lọ gúnyán fún mi lẹ́yìnkùlé. Mo kó ọwọ́ wọ inú báàgì, mo ti ẹrù òfin náà sísàlẹ̀ pátápátá lábẹ́ agbádá. Lẹ́yìn náà, gbogbo ìgbà tí ọmọ odó bá ti bọ́ sínú odó ni mo ń ki abẹ́rẹ́ bọ báàgì... gbì, mo gún un, gbì, mo gún un... Mo rán an bí ẹní rán àpò kòkó tó ń lọ sókè òkun. Mo jẹ iyán obìnrin náà tán, mo yìn ín, ara mi ò lélẹ̀ mọ́, mo yára jáde débi pé mo gbàgbé abẹ́rẹ́ mi síbẹ̀. Mo ra òmíràn, mi ò rántí rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí a dé Ìkẹjà, ẹni tó ń gba ẹrù bi Díákónì bóyá òun fúnra rẹ̀ ló di báàgì rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ni. Kò lè jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ìyàwó ló ń di ẹrù fún un. A wọ bàálù, bàálù náà sì ga débi pé mo rí ẹ̀yìn òṣùpá, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù pé ká kọ orúkọ wa àti ohun tí a wá ṣe. Díákónì kọ tirẹ̀ gbágbágbá, ó wá gbé bírò sókè, ó ní tí mo bá fẹ́ kí òun kọ tèmi, kí n sọ pé ẹ jọ̀ọ́ sà. Mo sọ ọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé, mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, mo sì sọ pé ẹ jọ̀ọ́ sà. Mo wá ń wo òkè bàálù, mo ń ronú nípa ohun tó wà nísàlẹ̀ agbádá rẹ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní afẹ́fẹ́ ni.

Ibi tí wọ́n ti ń wo páásípọ́ọ̀tù, ìlà náà gùn ju ti ọjọ́ ìdìbò lọ. Díákónì ti kìlọ̀ fún mi pé, "Àna, ẹ má lanu o, Gẹ̀ẹ́sì yín lè kó bá wa, èmi ni màá sọ̀rọ̀ fún ẹni méjèèjì." Àṣé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pe èèyàn. Obìnrin òyìnbó kan tí ojú rẹ̀ rí bí ti àwòdì ló pè mí. Ó bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Mo ní grandchild. Ó ní ọjọ́ mélòó. Mo na ìka mẹ́wàá, mo tún na mẹ́rin. Mo fi fọ́tò Bùnmi àti ọkọ rẹ̀ hàn án. Ó lu òntẹ̀, ó tán. Díákónì ẹ̀wẹ̀ ń ṣàlàyé ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì wọn láti ìgbà tí wọ́n ti fi imọ̀ ọ̀pẹ kọ́ ọ, ọ́físà tirẹ̀ ń béèrè ìbéèrè lórí ìbéèrè, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń dúró de onígẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó jáde, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó ní ńṣe ni ọ́físà náà ń gbádùn ọ̀rọ̀ òun.

A gba ẹrù wa. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú, wọ́n kùn ún ní pupa àti àwọ̀ ewé. Pupa fún ẹni tó ní nǹkan láti fi han kọ́sítọ́ọ̀mù, àwọ̀ ewé fún ẹni tí kò ní nǹkan kan. Díákónì gbé àyà síwájú, ó gba ojú àwọ̀ ewé bí ẹni tó ni pápákọ̀. Èmi tẹ̀ lé e pẹ̀lú àpótí onírin mi... Ta ni kò ní dá báàgì tí wọ́n fi òwú àpò rán lẹ́nu dúró? Àní mo mọ̀ pé wọ́n á dá a dúró. Ọ́físà kan gbé e lé tábìlì, ó fi ọ̀bẹ gé òwú mi, ó ń kó ẹrù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bíbélì. Agbádá. Gààrì. Ó wá dé ìsàlẹ̀. Ó tú áńkáṣíìfù. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú, àti pèrègún mi, ewé rẹ̀ ṣì tutù. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó pe ẹnì kejì. Ẹnì kejì pe ajá kan, ajá náà ga tó màlúù Fúlàní, ó gbóòórùn Díákónì láti ẹsẹ̀ dé orí, ó sín.

Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì Díákónì gbẹ. Mo fi Ọlọ́run jẹ́rìí, ó lanu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tí kì í fẹ́ sọ èdè Èkìtì ní gbangba ń pariwo pé "ulé, ulé, mo fẹ́ máa lọ ulé." Ó dì mí lápá mú, ó ní, "Àna mi, ẹ bá mi sọ fún wọn, ẹ ní mi ò mọ̀ nípa rẹ̀, kì í ṣe tèmi." Ọ́físà yíjú sí mi, ó bi mí kí ni bàbá yìí ń sọ. Ẹ̀yin òǹkàwé, ọdún mélòó ni mo fi dúró de ọjọ́ yẹn? Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n lè rí i pé ọmọlúàbí ni mí. Mo kó gbogbo ohun tí Standard Three kọ́ mi jọ. Mo ní, "He say it is his own, sir. He say everything for this side is his own."

Díákónì gbọ́ ọ. Kò sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ò di. Mo wò ó lójú, mo retí kó rántí. Kò rántí. Ó rò pé àìmọ̀wé ló ń dà mí láàmú. Bí wọ́n ṣe ń mú un wọnú yàrá lọ, ó ń sọ pé, "Òpè ti pa mí o." Ohun tó bí mi nínú jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Mo gbẹ̀san tán, ẹni tí mo gbẹ̀san lára rẹ̀ ò mọ̀ pé ẹ̀san ni.

Wọ́n rò pé oògùn olóró ló gbé mì. Wọ́n ní ẹni tó lè fi iyẹ̀pẹ̀ sábẹ́ agbádá lè fi nǹkan mìíràn sínú ikùn. Wọ́n fi í jókòó sórí ṣálángá kan tí wọ́n fi dígí ṣe, òyìnbó méjì dúró tì í lọ́wọ́ ọ̀tún àti òsì, wọ́n ní kó máa yàgbẹ́ kí wọ́n máa wò ó. Mi ò sí níbẹ̀ o. Ó sọ fún Fọlá, Fọlá sọ fún Bùnmi, Bùnmi sọ fún mi, mo sì lè ti fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n inú tó ti dì látorí bàálù kò tètè tú, ọjọ́ méjì ló lò lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ kẹjọ ọmọ sì pé láàárín ọjọ́ méjì yẹn. Ta ló gbé ọmọ? Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ nígbà tí bàbá ọkọ ò sí nílé? Èmi ni. Mo sọ ọ́ ní Òtítọ́jù. Gbogbo wọn ní ẹ ṣeun Bàbá, orúkọ náà dára. Nígbà tí Díákónì dé lọ́jọ́ kejì, orúkọ mẹ́rin tó ti ń polówó kiri, ó kó wọn wọlé ó sì kó wọn sùn.

Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, mi ò ní da yín láàmú, màá máa fi ṣẹ̀rín títí màá fi kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ilé, Díákónì pe ẹbí jọ, ó ní ìyàwó òun ló ṣe oògùn sínú báàgì kí òun lè kú sọ́nà, obìnrin náà nìkan ló di ẹrù náà, tó sì rán ẹnu rẹ̀. Ìyá Fọlá ní òun ò mọ nǹkan kan. Wọ́n bi í léèrè, wọ́n tún bi í. Ó wo gbogbo wa yíká, ojú rẹ̀ dúró lórí mi díẹ̀, ó sì wolẹ̀. Mo rò pé ó ń bẹ̀ mí kí n gbà á sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àna ni. Kí ni mo sọ? Mo ní ẹ ṣe sùúrù, Díákónì, obìnrin ni... Mo sọ ọ́ bí ẹni pé ó jẹ̀bi. Wọ́n da ẹrù rẹ̀ síta. Ó padà sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìdó-Ilé, ibẹ̀ ló wà títí di òní, ó ń gbin ẹ̀gẹ́ àti ilá. Ọdún kejìlá rèé.

Díákónì ò ríran mọ́ báyìí. Tí èèyàn ò bá fọhùn, kò mọ ẹni tó wọlé. Ta ló wá ń ka ìwé ìròyìn fún un lọ́sàn-án Sátidé? Èmi Standard Three. Mo máa ń fo ìlà. Mo máa ń fi tèmi kún un. Mo kà á fún un nígbà kan pé ìjọba Àkúrẹ́ fẹ́ máa gba owó orí lórí irùngbọ̀n, ó fá tirẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ojú ìwé yìí gan-an ló fẹ́ràn jù. Ó máa ń fi ọwọ́ lu itan, ó máa dá ẹjọ́ gbogbo ẹni tó bá jẹ́wọ́, ó ní kí wọ́n lé wọn nílùú.

Oṣù tó kọjá, lẹ́tà Fọlá dé, èmi náà ni mo kà á fún un. Wọ́n ń bọ̀ wálé ní Kérésìmesì, Òtítọ́jù ti di ọmọ ọdún méjìlá, kò sì tíì fojú kan ìyá bàbá rẹ̀ rí. Fọlá ní òun fẹ́ bá ìyá òun nílé. Díákónì ní ó dára, kó wá, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú ẹbí àti ìjọ, kó jẹ́wọ́ ohun tó dì sínú báàgì òun. Èmi ló ní kí n gbé iṣẹ́ náà lọ. Mo gbé e lọ sí Ìdó-Ilé.

Obìnrin náà gbọ́ mi tán. Ó wọlé, ó mú nǹkan kan jáde tí ó fi pépà wé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Mo tú u. Abẹ́rẹ́ mi ni. Ó ní, "Àna mi, ẹ gbàgbé èyí sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ ọjọ́sí. Mi ò jẹ́ kó dógùn-ún." Mo jókòó sórí odó tó dojú dé. Ó mọ̀. Láti ọjọ́ ìpàdé yẹn ló ti mọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́. Ó ní tí òun bá sọ ọ́, wọn ò ní jẹ́ kí ọmọ mi àti ọmọ òun gbélé pọ̀, ó sàn kí òun nìkan kúrò nílé ọkọ ju kí obìnrin méjì kúrò. Ó wá ní kí n lọ sọ fún Díákónì pé òun gbà, òun máa kúnlẹ̀, òun máa jẹ́wọ́ ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí òun jẹ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ yẹn ni mo fẹ́ gbé lé ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀yin ti gbé e, àna mi."

Ẹ gbà mí. Kí ni kí n ṣe? Mi ò ní purọ́ fún yín pé mo ti ronú pìwà dà lórí Díákónì. Tí wọ́n bá tún gbé báàgì rẹ̀ fún mi lọ́la, màá tún un rán. Ìlà kòkó mẹ́fà mi ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì so gan-an lọ́dún yìí. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kó mọ̀ pé èmi ni, kó mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe ń dùn mí tó, kó tó kú. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́, ṣé ilé ọmọ mi ò ní tú? Tí mi ò bá sọ ọ́, ṣé kí n jókòó síwájú ìjọ kí n máa wo obìnrin yẹn lórí ìkúnlẹ̀, kó máa jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi, kí èmi máa ní ẹ ṣe sùúrù lẹ́ẹ̀kan sí i?

Mo ti ń rò ó pé tí ẹ bá tẹ ìwé yìí jáde, yóò dé ọ̀dọ̀ wa ní Sátidé, Díákónì á na ẹsẹ̀ lórí àga rẹ̀, á ní, "Àna, ẹ ka ti àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ fún mi." Ṣé kí n kà á? Àbí kí n fò ó, bí mo ṣe máa ń fo àwọn tó kù? Ẹ dá mi lóhùn kíá, torí èsì yín náà, èmi ni màá kà á sí i létí. Kí ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ojú tèmi náà ti ń ṣe bàìbàì, mi ò sì fẹ́ fo ìlà kankan lọ́jọ́ yẹn.